Ẹni Tó Jẹ Iyán Àna

Ẹjọ́ iyán ló wọ ààfin Baálẹ̀ Oyèwálé ní Inísà, lọ́dún tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì tí ọlidé sì di oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ má jẹ́ kí ààfin tí à ń wí yìí bà yín lẹ́rù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípáànù ni, àga mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti kán lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n bá dá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yí i padà, nítorí Baálẹ̀ kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, kì í sì í gbàgbé ojú ẹni.

Opó kan tó ń jẹ́ Adédùntán ló pe ẹjọ́. Aṣọ ló ń rán, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Títílayọ̀. Títílayọ̀ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú ìyá rẹ̀ sì ti rí màbo lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ìrẹsì. Nígbà tí Jọláyẹmí, ọmọ Òkukù, wá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni Adédùntán gbà láti fi dúpẹ́. Ní báyìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí Jọláyẹmí kò yọjú mọ́, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé òun kò tún ní tẹ ẹnu ọ̀nà wọn láyé. Ohun tí obìnrin náà bá wá sọ́dọ̀ Baálẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí àwọn àna rẹ̀ padà wá.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọláfimíhàn, tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà. Tíṣà ti ṣe olùkọ́ ní Inísà rí, ó háyà yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Adédùntán fún ọdún méjì kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìkìrun. Gbogbo ìbátan tó wà láàrin wọn náà nìyẹn o, ògiri kan. Motọ́láyọ̀, ìyàwó Tíṣà, ń ta ike lọ́jà Òṣogbo, àárọ̀ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé pa, ó ń fi iṣu, ẹ̀wà, èlùbọ́ àti epo sílẹ̀, ó ní kí ọkọ òun máa se é fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níwọ̀n ìgbà tí kò kúkú sí iṣẹ́ tó ń lọ. Ṣé ohun tó le nìyẹn? Ọkùnrin tó ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè gbé omi kaná.

Ẹ tún wo bó ṣe wá sí ẹjọ́. Ẹni tó jíṣẹ́ fún un ní wọ́n ń retí rẹ̀ nílé Baálẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Bí Tíṣà ṣe gbọ́ aago méjì, kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe. Ó wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó kó àwọn ọmọ dání, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Baálẹ̀ Inísà fẹ́ dá òun lọ́lá nítorí iṣẹ́ ribiribi tí òun ti ṣe níbẹ̀. Motọ́láyọ̀ kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, léèsì ló wọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn kò rí ìkòkò, tí wọn kò rí abọ́, tó jẹ́ Adédùntán ni wọ́n rí lórí àpótí pẹ̀lú ojú tó wú, ìgbà náà ni Tíṣà mọ̀ pé ọlá ọjọ́ yẹn kò ní jíjẹ nínú.

Alàgbà Titus, bàbá Jọláyẹmí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀wọ̀ Baálẹ̀ nìkan ló gbé e wá láti Òkukù. Ó ti yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Adédùntán, ògiri ló kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ògiri náà kò ṣe é ní nǹkan kan.

Baálẹ̀ ní kí Adédùntán rojọ́. Obìnrin náà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Alàgbà àti àgbà mẹ́ta mìíràn fẹ́ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ní òun jí ní ìdájí, òun gúnyán, òun wé e sí ọ̀rá lọ́nà mẹ́jọ, òun kó o sínú kúlà kó má baà tutù. Ó se ẹ̀gúsí, odindi ọ̀yà kan ló sì wà nínú ọbẹ̀ náà. Títílayọ̀ ti lọ dirun. Nígbà tí iṣẹ́ parí ni ebi rántí òun alára, ó bá mú bọ̀ọ̀lì kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Tíṣà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti yọ sí i.

“Kí lo sọ fún un?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Ohun tí ọmọlúàbí ń sọ náà ni, Bàbá. Mo ní, ‘Tíṣà, ẹ wá jẹun.’”

“Kí ló fi dá ọ lóhùn?”

“Ó ní, ‘Ẹ ṣé mà.’”

Ọ̀tún Baálẹ̀, tó ti ń tòògbé, la ojú. Ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kéèyàn wá jẹun, “Á gba ibi ire” ni ìdáhùn? Ìkíni ni. Ẹni tó ní ẹ kú ìjókòó kò sọ pé kí o wá jókòó lé òun lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí ní Inísà, ewúrẹ́ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Adédùntán ní òun rò pé ebi ló ń pa àwọn ọmọ, òun dá bọ̀ọ̀lì náà sí mẹ́ta, òun pín in fún wọn. Àánú wọn ṣe òun lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ Tíṣà kó bá òun wo ilé díẹ̀, kí òun wẹ̀, kí òun sì sọdá sí agbo ilé ọkọ òun láti pe àwọn àgbà wá. Ìgbà tó padà, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Tíṣà, tó ní àwọn ń sáré, pé bọ́ọ̀sì ń dúró de àwọn. Adédùntán dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Ó ní Ọlọ́run á bá a wo ilé tirẹ̀ náà.

Àwọn àna dé. Wọ́n jókòó, wọ́n mọ ara wọn, ẹ̀rín sọ. Ó ku kí wọ́n jẹun. Alàgbà Titus, tí àdúrà rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìkìrun lọ, dìde, ó na ọwọ́ lé kúlà lórí. Ó súre fún oko tó hu iṣu, ó súre fún ọwọ́ tó gún un, ó ní kó di okun, kó di agbára lára àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n ṣe àmín títí ọ̀nà ọ̀fun gbẹ. Adédùntán ṣí kúlà. Ọ̀rá méje ló bá níbẹ̀, òfìfo, wọ́n ká gbogbo wọn létí-létí, wọ́n tò ó jọ bí ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ó sáré lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Epo ló kù, àti egungun kan.

Ó ti sọ ìtàn yìí tó ìgbà ogún láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ bó bá ti dé ibi ọ̀rá yẹn, etí ìró ló máa ń fi nu ojú. Ojú ń tì í dọ́jọ́ náà. Ó ń bínú sí Tíṣà, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ló ní kó wo ilé.

“Mo gbàdúrà lé ọ̀rá lórí, Baálẹ̀,” ni Alàgbà Titus sọ fún ògiri. “Láti ọdún tí mo ti jẹ alàgbà, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.”

Wọ́n ní kí Tíṣà wí tẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó kọ́kọ́ bu gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Baálẹ̀ ní kó gbé e mì, pé nǹkan kì í há a lọ́fun.

“Baálẹ̀, wọ́n pè mí, mo jẹ́ ìpè,” ni Tíṣà wí. “Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Bọ̀ọ̀lì ló ń jẹ nígbà tó pè ọ́.”

“Wọn ò dárúkọ bọ̀ọ̀lì, sà. Wọ́n ní kí n wá jẹun. Oúnjẹ wo? Wọn ò là á. Mo wo ilé ìdáná, mo rí kúlà, mo rí ìkòkò. Mo wá rò ó pé obìnrin tó lawọ́ tó báyìí, bó bá jẹ́ bọ̀ọ̀lì nìkan ni mo jẹ, wọ́n á ní mo kẹ́gàn àwọn.”

Adédùntán kò lè pa á mọ́ra. “Mo ní kí ẹ bá mi wo ilé ni, Tíṣà.”

“Mo wò ó, mà. Kò sí ohun tó kúrò nínú ilé yín lọ́jọ́ náà tí mi ò mọ ibi tó wà.”

Ẹ gbọ́ irú ẹnu tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wa. Kò sì tíì dákẹ́ o. Ó ní ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe ìgbà tí ọmọ máa jókòó sílé kó gọ̀. Ó ní ìrìnàjò ẹ̀kọ́ ni òun ń kó wọn lọ, kí wọ́n mọ ìlú wọn, kí wọ́n mọ oúnjẹ ilẹ̀ wọn, ohun tí ìwé kò lè fi kọ́ wọn. Ó ní nítorí ìmọ́tótó ni òun ṣe ká ọ̀rá, tí òun sì dé ìkòkò padà kí eṣinṣin má baà kó sí i, àlejò mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé onílé? Àti pé ká má tilẹ̀ parọ́, àwọn kàn tọ́ ọ wò ni. Ó ní òun ní ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni Akínyẹlé, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Òkukù gba Inísà lọ sí Ìkìrun. Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀, ó ní ojú òun ló ṣe. Ó ní àwọn ọmọ náà kò jẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, pé ebi ń pa wọ́n débi tí òun fi ra búrẹ́dì fún wọn lójú ọ̀nà.

“Ṣé wọ́n jẹ búrẹ́dì náà?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Rárá o, sà. Wọ́n láwọn ti yó.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ní kó má dá wọn lóhùn, kó sọ bóyá nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Akínyẹlé ní kò sí. Ó ronú díẹ̀, ó ní àfi pé èyí tó kéré jù nínú wọn bì sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Baálẹ̀ béèrè ohun tó bì. Awakọ̀ náà wo Tíṣà, ó wo ilẹ̀. Ó ní ẹ̀gúsí ni.

Bó ṣe dárúkọ ẹ̀gúsí yìí ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, nítorí òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò lára ìjókòó náà dòní. Kò sẹ́ni tó bi í mọ́ tó fi ń tú u sílẹ̀. Ó ní òun bẹ Tíṣà títí pé kó gbé ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó kọ̀, ó gbá a mọ́yà títí dé Ìkìrun, epo ń kán sí i ní ṣòkòtò.

“Ọ̀rá wo?” ni Baálẹ̀ bi í.

Wọn ò tíì pe Motọ́láyọ̀, ó ti dìde fúnra rẹ̀. “Bàbá Ẹ̀bùn, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, iyán kan àti ẹran ọ̀yà lẹ gbé fún mi nígbà tí mo tọjà dé. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ gún un. Ẹ tiẹ̀ ní kí n wo àtẹ́lẹwọ́ yín.”

Ojú léèsì ni Motọ́láyọ̀ ń wò, bí ẹni pé aṣọ náà ló purọ́ fún un. Ó ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ pé ojoojúmọ́ ni òun ń bá àwọn ọmọ ní yíyó, tí ìkòkò òun sì ń tàn yinrin-yinrin. Ó ti dìde nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkìrun, ó jẹ́rìí sí i pé Ọlọ́run fún òun ní ọkọ tó ń dáná. Àwọn obìnrin ti rán ọkọ wọn wá kí Tíṣà kí wọ́n lè fi ojú rí i. Ó kàn máa ń ya òun lẹ́nu ni pé ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jọra, bó bá dùn lónìí bí ọbẹ̀ ará Òkukù, lọ́la á dà bí ti ẹlẹ́ja.

Ẹ̀bùn ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, òun ni àkọ́bí, ìwé rẹ̀ sì wà lábíyá nítorí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ lọ sí ìrìnàjò ẹ̀kọ́ láìmú ìwé dání. Baálẹ̀ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sì mọ ẹjọ́. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé ohùn sókè.

“Ọjọ́ Ajé, Òkukù, ilé ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń gúnyán ní aago kan. Ẹ jẹ́ ká dé ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé Àǹtí ẹlẹ́ja. Ẹ sọ pé a kàn ń kọjá lọ ni. Ọjọ́rú, a ò ní lọ sí ilé kankan ní Ìkìrun, wọ́n ti mọ̀ wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Inísà. Ìyá Títílayọ̀ kì í pẹ́ pe èèyàn wá jẹun. Ẹ má sọ pé á gba ibi ire. Ẹ ní ẹ ṣé mà, kí ẹ sì tètè jókòó.”

Ó gbé ìwé náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Báírò pupa bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Baálẹ̀ yìn ín pé ó kàwé dáadáa, lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí iṣu tí ìyá wọn ń fi sílẹ̀ wà. Ẹ̀bùn ní ó wà lẹ́yìn àpótí ìwé Dádì, pé àwọn kan ti ń hu.

Ẹ̀rín ò wá sí ẹnu Adédùntán. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé olè oúnjẹ ni Tíṣà, kí nìyẹn wá ṣe fún Títílayọ̀? Alàgbà Titus ṣì kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá na Tíṣà ní pàṣán ọgọ́rùn-ún, Jọláyẹmí kò ní torí ìyẹn padà wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí mú, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí Baálẹ̀ má kàn bú Tíṣà kó tú wọn ká.

Ìgbìmọ̀ forí korí. Kò pẹ́ rárá. Baálẹ̀ kọjú sí Tíṣà.

“Oúnjẹ ta ni o jẹ?”

“Oúnjẹ Ìyá Títílayọ̀, sà.”

“Ta ni wọ́n sè é dè?”

“Àwọn àna wọn, sà.”

“Ẹni tí wọ́n bá se oúnjẹ àna kalẹ̀, tó wá, tó jókòó, tó jẹ ẹ́ yó, kí là ń pè é?”

Ọjọ́ pẹ́ tí Tíṣà ti ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn sì bọ́ sí i lẹ́nu kó tó ronú. “Àna ni, sà.”

“Ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́,” ni Baálẹ̀ wí.

Motọ́láyọ̀ wó lulẹ̀ tòun ti léèsì. Ó ní kí Baálẹ̀ ṣàánú òun, kó má fún ọkọ òun ní ìyàwó kejì, ta ni yóò máa bọ́ àwọn méjèèjì? Baálẹ̀ ní kó dìde, pé kò sí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ fún alájẹkì.

“Jọláyẹmí ló ni ìyàwó,” ni ó wí. “Ìwọ Ọláfimíhàn, ìwọ lo ni ẹrù. Iṣu méjìlélógójì, kègi epo, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, gbogbo ohun tí ilé ọkọ ń gbé wá, ìwọ lo máa gbé e wá sílé Adédùntán lórúkọ ilé Alàgbà Titus, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ìwọ lo máa dáná ọjọ́ náà. Wàá gún iyán náà níta gbangba, kí gbogbo wa lè rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ ò gbọdọ̀ bá ọ fọwọ́ kan ọmọ odó. Tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó, ìwọ lo máa ṣíwájú wọn. Adédùntán nìkan ló lè ní kí o dìde.”

Àga kan dún gìrìrì lórí sìmẹ́ńtì. Alàgbà Titus ti yí padà kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Ọkùnrin tó búra pé òun kò tún ní tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn láyé, ó ní àwọn èèyàn ṣi òun gbọ́ ni, pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó béèrè bóyá iṣu náà tóbi. Lẹ́yìn náà ló bojú wo Adédùntán, ó pè é ní àna, ó ní kí wọ́n kí Títílayọ̀ fún àwọn. Adédùntán kúnlẹ̀ dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ilé Adédùntán kò gbèrò. Àwọn tí kò mọ ọkọ, tí wọn kò mọ ìyàwó, wá wo Tíṣà tó ń gúnyán. Ó gún un títí òógùn fi bò ó lójú, iyán náà sì kún fún kókó, ṣùgbọ́n Alàgbà gbàdúrà lé e lórí, lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí kúlà kí òun wò ó. Iṣu pé méjìlélógójì. Motọ́láyọ̀ ló kà á, ó sì ń kà á sókè.

Nígbà tó yá, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Tíṣà ló wà níwájú, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, Jọláyẹmí wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà. Adédùntán wúre fún wọn. Ó fọwọ́ kan Jọláyẹmí léjìká, ó ní kó dìde, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà dìde. Ó wo Tíṣà nílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọlé lọ bu oúnjẹ fún àwọn àna rẹ̀.